Ẹ Tún Síìtì Yín Ṣe: Ìkìlọ̀ fún Ọlọ́kadà àti Àwọn Tó Ni Ọ̀kadà

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń gun ọ̀kadà láti Ìṣẹ́yìn lọ sí Ṣakí, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé èrò wọ oko kòkó ní agbègbè Oǹdó, ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gun zemidjan ní Kétu àti Pobẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ra ọ̀kadà lé wọn lọ́wọ́, tí ẹ ń gba owó lálaalẹ́, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ó tilẹ̀ kàn yín ju àwọn tó ń gùn ún lọ.

Gbogbo ayé ló ti kìlọ̀ fún ọlọ́kadà. Ìjọba ní kí wọ́n dé akoto. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní kí wọ́n má gbé ju èrò kan ṣoṣo lọ. Ìyá àti ìyàwó ń bẹ̀ wọ́n nílé pé kí wọ́n dín eré kù. Ohun kan wà tí n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀ níwájú wọn, ìyẹn síìtì tí wọ́n ń jókòó lé láti ìdájí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bóyá ojú ló ń tì wá láti sọ̀rọ̀ ìdí ní gbangba. Ojú kò ní ti èmi, nítorí mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń já sí, kò sì dára.

Ẹ lọ sí ibùdó ọlọ́kadà èyíkéyìí kí ojúmọ́ tó mọ́ tán. Ẹ ó bá ẹnì kan níbẹ̀ tó to ìgò sórí tábìlì, egbò àti èèpo igi nínú ògógóró, èyí tí wọ́n ń pè ní paraga. Ẹ bi ọmọkùnrin tó ń mu kọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ pé kí ló ń wò. Kò ní sọ pé òun fẹ́ yó. Yóò ní ẹ̀yìn ń ro òun, ìbàdí ń fa òun, jẹ̀díjẹ̀dí ń dà òun láàmú. Òótọ́ ló ń sọ, ara ń dùn ún. Ẹ wá wo ọ̀kadà rẹ̀ tó gbé sí ẹ̀gbẹ́ kan. Léédà síìtì rẹ̀ ti ya, wọ́n fi ọ̀rá dí i. Fóòmù inú rẹ̀ ti tẹ́; tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ike líle tó wà nísàlẹ̀ ni ẹ ó bá. Orí ike yẹn ni ọmọ ènìyàn ń jókòó sí fún wákàtí mẹ́wàá, wákàtí méjìlá, lójú ọ̀nà tí gálọ́ọ̀pù ti jẹ tán. Ohun tó ń fi paraga wò nìyẹn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìrora tó bá ti orí síìtì bẹ̀rẹ̀ kì í dúró sí ìdí. Yóò gun ẹ̀yìn, yóò mú ọmọ náà dé ìdí ìgò, yóò mú un dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn tramadol, yóò sì gbé e ṣubú lójú títì pẹ̀lú èrò tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá ìrora náà dúró, orí síìtì ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó jókòó pẹ́. Egungun méjì ló wà nísàlẹ̀ ìbàdí wa, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Tí ẹ bá jókòó lé ọwọ́ ara yín lórí àga líle, ẹ ó mọ̀ wọ́n lára. Àwọn ni Ọlọ́run dá láti máa gbé ìwúwo ara nígbà tí a bá jókòó. Ẹran àti awọ tó wà láàárín egungun yìí àti síìtì ni ìyà ń jẹ: ẹ̀jẹ̀ kì í ráyè kọjá níbẹ̀ dáadáa, iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára á sì fún pọ̀. Ẹni tó jókòó nílé á yí ìdí padà láìmọ̀, á dìde lọ mu omi, ẹ̀jẹ̀ á tún ráyè. Ọlọ́kadà tó gbé èrò sẹ́yìn, tó gbé àpò gààrí síwájú, kò lè yí ìdí padà. Ibẹ̀ á kọ́kọ́ máa ta á, á wá máa jó o, nígbà tó bá yá ibẹ̀ á kú, kò ní mọ nǹkan kan lára mọ́. Púpọ̀ nínú wọn rò pé ara ti mọ́ àwọn nìyẹn. Irọ́ ni. Ìrora ni ara fi ń pe ẹni tó ni ín. Tí ìpè náà bá dákẹ́ tí ìnira kò sì kúrò, ewu ti wọlé. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ni kí ó ṣọ́ra jù lọ, nítorí àìsàn náà máa ń pa ìmọ̀lára, egbò lè ti là sí i lára kí ó tó mọ̀.

Síìtì tó tínrín tàbí tó dagun síwájú tún ní ìyọnu tirẹ̀. Ẹni tó gùn ún á máa yọ̀ lọ síbi táńkì, ìwúwo á kúrò lórí egungun méjèèjì, á bọ́ sí abẹ́ gan-an, níbi tí iṣan àti òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ojú ara gbà kọjá. Ẹ̀yin ọkùnrin tí abẹ́ yín ń kú lórí ọ̀kadà, ẹ má máa fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ láàárín ara yín ní ibùdó. Kí ẹ tó lọ fi owó ra àgbo agbára ọkùnrin, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ ń jókòó lé.

Bí ìjókòó ti ń ṣe tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìgbọ̀nrìrì ń ṣe tirẹ̀. Ẹ̀rọ ń gbọ̀n, ọ̀nà ń gbọ̀n, gbogbo rẹ̀ ń gba inú síìtì wọ ọ̀pá ẹ̀yìn lọ. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin lórí èyí ní 2002. Wọ́n ní kí agbanisíṣẹ́ mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń gbọn ara òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó. Tí ìgbọ̀n náà bá ju 0.5 m/s² lọ fún iṣẹ́ wákàtí 8, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i. Tí ó bá ju 1.15 lọ, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ náà máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Síìtì tó ń dín ìgbọ̀n kù wà lára ohun tí òfin náà dárúkọ pé kí wọ́n pèsè, àkókò ìsinmi náà wà níbẹ̀. Ẹ wá wo ọ̀dọ̀ tiwa. Ọmọ tó ń gun ọ̀kadà Bajaj lójú ọ̀nà oko ní agbègbè Òkèhò àti Ìgànná kò ní ẹni tó ń wọn ìgbọ̀n kankan fún un. Owó tó kó wálé nìkan ni wọ́n ń kà. Èyí dùn mí gidigidi, nítorí eegun ẹ̀yìn ọmọ Yorùbá kò le ju ti ọmọ Jámánì lọ.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni mò ń sọ, kí ó gbọ́ ìtàn kan. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ń wa jíìpù lójú ọ̀nà gbágungbàgun bẹ̀rẹ̀ sí í kún ilé ìwòsàn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kì í ṣe ìbọn ló bà wọ́n. Ihò kékeré kan ló ń là sí wọn lára níbi tí ọ̀pá ẹ̀yìn parí sí, lókè ihò ìdí. Irun á wọ inú rẹ̀, á kó ọyún, á wú, ẹni náà kò ní lè jókòó mọ́. Dókítà kan tó ń jẹ́ Louis Buie, ní ilé ìwòsàn Mayo Clinic, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1944, ó pè é ní àrùn jíìpù. Lónìí àwọn dókítà mọ̀ pé kò dìgbà tí ènìyàn bá wa jíìpù; ẹni tí irun pọ̀ níbẹ̀, tó sanra, tó sì ń jókòó pẹ́, ó lè ní in. Ṣùgbọ́n bí ọmọ wa bá ní eéwo yìí, jẹ̀díjẹ̀dí ni wọn yóò kọ́kọ́ pè é. Wọn yóò máa fún un ní àgbo kíkorò mu, ọyún yóò sì máa wa ihò lọ lábẹ́ awọ. Àgbo mímu kò lè dé ibẹ̀. Dókítà ló máa là á, tí yóò sì tọ́jú rẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ paraga yìí, nítorí ibẹ̀ ni ohun tó ń dun ẹnì kan ti ń di ti gbogbo ìlú. N kò bá ewé àti egbò jà. Òun ni àwọn baba wa fi tọ́jú wa. Ṣùgbọ́n ọtí líle ni wọ́n rẹ paraga sí, ọtí kì í sì í wo ẹ̀yìn. Ó kàn ń mú kí ẹni tó ń mu ún gbàgbé ìrora náà fún ìgbà díẹ̀ ni. Ní gbogbo ìgbà tó fi gbàgbé yẹn, ojú rẹ̀ kò yá mọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò tètè dé orí bíréèkì mọ́. Ọtí a tún máa mú ènìyàn tọ̀ púpọ̀, omi ara á gbẹ. Ẹni tí omi ara rẹ̀ gbẹ, ìgbẹ́ rẹ̀ á le, ìgbẹ́ líle sì wà lára ohun tó ń fa jẹ̀díjẹ̀dí gan-an. Ẹ ò rí i pé ohun tí wọ́n ní ó ń wò ó ló tún ń bí i!

Tramadol burú ju paraga lọ. Oògùn ìrora líle ni, èyí tí dókítà ń kọ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún àti irú wọn. A máa kọ́ ènìyàn lóòyì, a máa mú oorun kun ni, gìrì lè gbé ẹni tó bá lò ó ní àlòjù, a sì máa di bárakú. Àjọ NDLEA tó ń gbógun ti oògùn olóró ní Nàìjíríà ń gbẹ́sẹ̀ lé e ní èbúté Àpápá, síbẹ̀ ó ń dé ọwọ́ àwọn tó ń tà á ní gáréèjì. Ẹni tó gbé e mì lọ́sàn-án kò ní mọ ìrora, kò ní mọ àárẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé ó ti tó àkókò kí òun sọ̀kalẹ̀. Ìyá tó pọn ọmọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta nǹkan wọ̀nyí fún wọn, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, n kò lè sọ ọ́ ní ẹ̀lẹ̀.

Ó yá, báwo ni a ṣe ń tún síìtì ṣe?

Àṣìṣe tí mo rí jù ni pé nígbà tí síìtì bá ti le, ẹni tó ni ín á sáré lọ bá àwọn tó ń rán síìtì, á ní kí wọ́n wá fóòmù tó rọ̀ jù lọ fún òun. Wọ́n á ṣe é, á jókòó lé e ní ṣọ́ọ̀bù, inú rẹ̀ á dùn. Kí ó tó rìn jìnnà, ìwúwo rẹ̀ ti tẹ fóòmù yẹn mọ́lẹ̀, ó ti padà sórí ike. Èyí tó dára ni fóòmù tó ki, tó wúwo lọ́wọ́ ju bó ṣe tóbi lọ. Tí ẹ bá fi ìkúùkù tẹ̀ ẹ́, yóò gbà fún yín díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá gbé ọwọ́ kúrò, yóò padà sí ipò rẹ̀. Kí wọ́n fi èyí tó ki sísàlẹ̀, kí wọ́n wá fi ìpele fẹ́lẹ́ èyí tó rọ̀ díẹ̀ lé e lórí. Ẹ má gba èérún fóòmù tí wọ́n gé kù lára àga àti bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n kàn kì bọ inú léédà. Yóò ṣù jọ lójú kan, kókó rẹ̀ yóò sì máa gún yín. Ẹ dúró síbẹ̀ kí ẹ fojú ara yín rí ohun tí wọ́n ń fi sínú rẹ̀ kí wọ́n tó bò ó. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó jẹ́ olóòótọ́ kò ní bínú sí i.

Kí wọ́n tó gé e, ẹ gbé páálí kan sórí àga líle, ẹ jókòó lé e dáadáa, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ẹ wá dìde. Ẹ ó rí ojú méjì tí egungun ìdí yín tẹ̀ síbẹ̀. Ibi tí ojú méjèèjì yẹn bá bọ́ sí lórí síìtì yín ló gbọ́dọ̀ tẹ́jú, òun náà ló gbọ́dọ̀ ní fóòmù jù. Ìbàdí obìnrin sábà máa ń gbòòrò ju ti ọkùnrin lọ, nítorí náà obìnrin tó ń gun alùpùpù tirẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ìwọ̀n tí wọ́n gé fún ọkùnrin. Ẹ sọ fún ẹni tó ń rán an pé kí ojú ìrán má gba àárín ibi ìjókòó kọjá. Okùn rẹ̀ yóò máa ha yín lára, ojú abẹ́rẹ́ sì ni omi òjò ń gbà wọlé. Fóòmù tó bá ti mu omi òjò kì í gbẹ bọ̀rọ̀, ooru àti làpálàpá ni yóò sì máa bá ẹni tó ń jókòó lé e jà.

Àwọn tìmùtìmù tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ náà wà, èyí tí ẹ lè gbé lé orí síìtì, kí ẹ sì gbé kúrò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnu oníṣòwò tàn yín. Fóòmù kan wà tó máa ń gba ìrísí ara, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, ní 1966 ló bí i. Ó dára lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n ooru ló ń mú un rọ̀, oòrùn ilẹ̀ wa kò sì kéré. Tí ó bá ti gbóná, yóò rọ̀ kọjá bó ti yẹ. Èyí tó jẹ́ jẹ́ẹ̀lì máa ń pín ìwúwo ara káàkiri, n kò ní parọ́ mọ́ ọn, àmọ́ tí ẹ bá gbé ọ̀kadà sínú oòrùn yóò gba ooru sára, kò sì ní tètè tutù. Ẹni tó bá rà á, kí ó máa fi aṣọ tó mọ́lẹ̀ bò ó nígbà tó bá ń dúró de èrò. Awọ àgùntàn tí àwọn òyìnbó ń tẹ́ sórí síìtì máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá lábẹ́ wọn. Irun àgùntàn tiwa kúrú, awọ rẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Ìlẹ̀kẹ̀ onígi tí àwọn onítakisí máa ń tẹ́ náà ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n kò dín ìwúwo kù lórí egungun, kí ẹnikẹ́ni má tà á fún yín pé oògùn ẹ̀yìn ni.

Èyí tí mo fọwọ́ sí jù fún ọ̀nà jíjìn ni tìmùtìmù aláfẹ́fẹ́, èyí tó ní àpò kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń gba inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Láti ara ìjókòó àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ ni wọ́n ti mú un wá, àwọn tí ìjókòó pípẹ́ máa ń dá egbò sí lára. Àṣìṣe tí wọ́n ń ṣe sí i ni pé wọ́n ń fẹ́ ẹ kún dẹ́múdẹ́mú. Tí ó bá kún jù, yóò le, yóò sì máa gbé ènìyàn yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, èyí sì léwu ní kọ́nà. Ẹ jókòó lé e, kí ẹ máa tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìdí yín yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan síìtì ṣùgbọ́n tí kò ní tíì kàn án. Owó rẹ̀ wọ́n, mo mọ̀. Ẹni tí kò bá ní in, fóòmù tó ki tí mo sọ lókè yẹn tó o.

Ohunkóhun tí ẹ bá fi kún síìtì, ẹ rántí pé ilẹ̀ ń jìnnà sí ẹsẹ̀ yín. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ dáadáa kò lè mú ọ̀kadà dúró nígbà tí èrò tó sanra bá ń gùn ún, tàbí nínú ẹrẹ̀. Ẹ má sì de ìrọ̀rí mọ́ orí síìtì pẹ̀lú rọ́bà tíúbù. Nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì, ìrọ̀rí á yọ̀, ẹ̀yin náà á bá a yọ̀. Ẹ rántí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà ní Nàìjíríà lórí òfin akoto, tí àwọn kan wá ń dé igbá, tí àwọn kan ń dé ike ọ̀dà sórí, kí wọ́n má bàa mú wọn. Igbá yẹn kò lè gba orí ẹnikẹ́ni là, ìrọ̀rí tí ẹ dè yìí náà kò lè gba ẹ̀yìn yín là. Ọ̀rá tó wá lára síìtì tuntun ńkọ́? Ẹ ya á dànù. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí ayé rí i pé tuntun ni, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀, ó sì ń sé òógùn mọ́ yín lára. Kí ẹ tó dá síìtì lẹ́bi nìkan ṣá, ẹ yẹ ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn wò bóyá òróró ti jò tán nínú rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé afẹ́fẹ́ táyà kò ju ìwọ̀n lọ.

Ọ̀rọ̀ èrò náà wà níbẹ̀. Wọ́n ń jó irin mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, wọ́n ń fa síìtì gùn kí ó lè gba èrò méjì, mẹ́ta. Ẹni tó jókòó sí ìparí rẹ̀, orí irin ló wà, lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, níbi tí gálọ́ọ̀pù ti ń ju ènìyàn sókè jù. Ọmọ iléèwé ni wọ́n sábà máa ń fi sí ibẹ̀ nítorí pé ó fúyẹ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ má gbà. Aboyún tó bá di dandan fún láti gun ọ̀kadà, kí ó sọ fún ẹni tó gbé e pé kí ó rọra, kí ó sì sọ̀kalẹ̀ fẹsẹ̀ rìn kọjá ibi tí ọ̀nà bá ti bàjẹ́ jù. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ìrìn àjò gígùn ń wù, ẹ gbọ́ eléyìí. Ní 2022, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó, láti fi wá ìrànlọ́wọ́ fún ìjà tí ẹgbẹ́ Rotary ń bá àrùn rọpárọsẹ̀ jà. Ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ló gbéra, ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ló wọ Èkó. Gbogbo wa la bá a yọ̀. Ó wu àwọn ọ̀dọ́, ó sì yẹ kí ó wù wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọjọ́ náà: ọjọ́ 41 ni. Kò fi gbogbo ọ̀nà náà ṣe eré àjókòótì. Ẹgbẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà, Iron Butt Association, tó ń fún ẹni tó bá gun alùpùpù rin 1,000 máìlì láàárín wákàtí 24 ní ìwé ẹ̀rí. Ọ̀nà tiwọn tẹ́jú, alùpùpù wọn tóbi, síìtì tí wọ́n gé fún ara wọn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Kí ọmọ wa tó ń gun ọ̀kadà Boxer má bá wọn du irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin.

Síìtì tó dára jù lọ láyé kò rọ́pò ìsinmi. Kí wákàtí kan àti ààbọ̀ tó pé, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ rìn káàkiri, ẹ na ẹ̀yìn, ẹ mu omi tútù. Tí ẹ bá rí gálọ́ọ̀pù níwájú, ẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ibi ìtẹ̀sẹ̀, ẹ gbé ìdí sókè díẹ̀, kí orúnkún yín gba ìgbọ̀n náà dípò ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí eéwo níbi ìparí ọ̀pá ẹ̀yìn, kí ó lọ rí dókítà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá lágbára mọ́, tí abẹ́ rẹ̀ kú tí kò sì jí lẹ́yìn tó ti sọ̀kalẹ̀, tàbí tí kò lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, kí ó má dúró di ọ̀la. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọlọ́kadà, ẹ ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́. Ẹ mú díẹ̀ nínú rẹ̀ pe ẹni tó mọ síìtì rán dáadáa wá sí ibùdó yín, kí ó máa tún síìtì ọmọ ẹgbẹ́ ṣe ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ lé àwọn tó ń ta tramadol kúrò níbẹ̀. Agbára yín tó o, nítorí mo rí bí ẹ ṣe ń lé ẹni tí kò san tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ọ̀kadà ni mo ń fi ọ̀rọ̀ mi parí sí lọ́dọ̀. Ẹ máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lásìkò, nítorí ẹ mọ̀ pé bí ẹ́ńjìnnì bá kọ iṣẹ́, owó yín ti kọ iṣẹ́ nìyẹn. Ọmọ tó ń gùn ún náà ní ara. Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ẹ má gba owó ọjọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ní kí ó fi lọ tún síìtì rán, kí ẹ sì tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa rán an, kí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ fóòmù náà wò.